Ẹ̀wù Òǹtẹ̀wé Tí Ìyá Ọṣẹ Fọ̀

Bí ẹni tó ń gbàdúrà bá purọ́, níbo ni àwọn àdúrà tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ń wọlẹ̀ sí? Mo ti bi ara mi léèrè lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bi ara mi nígbà tí mo ń fọ eyín láàárọ̀, n kò sì tíì rí ìdáhùn. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti mọ ohun tí ojú Ìyá Ọṣẹ rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì, ìgbàgbọ́ mi ń rìn bí ẹni tí òkúta kó sí bàtà rẹ̀. Ó ń lọ, àmọ́ ó ń tiro.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni Ìyá Ọṣẹ fi tọ́ ọmọ. Ilé ìwòsàn ńlá ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn títí orúnkún rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́. Ó máa ń sọ pé àbàwọ́n méjì péré ló wà láyé, ẹ̀jẹ̀ àti íńkì. Ìyókù, ariwo lásán ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ló ń gbé, ìyàwó ọmọ yìí kì í sì í jẹ́ kó fọwọ́ kan omi. "Ẹ jókòó, mà," láàárọ̀. "Ẹ jókòó, mà," lálẹ́. Obìnrin tó ti wà lórí ìdúró láti ìgbà tó ti gbọ́njú, ìjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ìjọ wa ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn àkójọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ọmọ ìjọ wa ni. Òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ kíkà lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ ibi tó yẹ kí èèyàn ti dánu dúró. Lọ́jọ́ kan, nígbà ìfilọ̀, ó dìde, ó ní àwọn ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn, ìbáà ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ tàbí àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. "Kò sówó ńbẹ̀ o," ló wí, "àmọ́ ọlá wà." Kó tó jókòó, Ìyá Ọṣẹ ti nawọ́.

"Màmá, iṣẹ́ tí wọn ò ní sanwó ẹ̀?" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló bi í bẹ́ẹ̀ nílé.

"Ìjókòó tó o ní kí n máa jókòó, ta ló ń sanwó ẹ̀ fún mi?"

Ọmọ rẹ̀ ń fi àkísà nu ọwọ́ tó lépo. "Jẹ́ kí wọ́n lọ," ló wí. "Bí wọ́n bá dúró nílé, ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀."

Bó ṣe di ẹni tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé ni yàrá tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń kó àwọn àkójọ sí wà, otútù inú rẹ̀ kò sì mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Àwọn pẹpẹ irin ibẹ̀ ń rìn. Èèyàn á yí ọwọ́ kan bíi ti sítíárìn, wọ́n á sì yà fún un bí ọ̀pọ̀ èrò ṣe ń yà fún ọba. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Ẹni bá mú bírò wọlé, ẹ̀ṣọ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Tábìlì gígùn kan wà láàárín, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí irun ọmọ ìkókó gbọn eruku, tí wọ́n ti ń fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé nǹkan àtijọ́, tí wọ́n ń fi okùn dì í kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sínú àpótí.

Akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin kan ló máa ń jókòó tì í. Ìkọ́ṣẹ́ ló bá wá, ọwọ́ ọ̀gá sì ni máàkì rẹ̀ wà. Ọmọ náà ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn, kó má bàa jí i, ni Ìyá Ọṣẹ bá sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ náà ló sọ ìyá yìí ní Ìyá Ọṣẹ, ni gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ má tutọ́ sí i kẹ́ ẹ fi nù ún o. Mo rí yín."

"Itọ́ mi mọ́ ju omi ẹ̀rọ ilé ìwé yín lọ. Gbé okùn wá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ tí inú Ìyá Ọṣẹ fi ń dùn. Ó sọ fún mi pé ní ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni òun máa ń gbà wọlé, àmọ́ níbí, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n ti ń kí òun káàárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá gbọ́ pé àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo àkójọ. Ó fa àpótí kan yọ, ó gbé ẹ̀wù kan síwájú Ìyá Ọṣẹ. Ẹ̀wù iṣẹ́ òǹtẹ̀wé àkọ́kọ́ tí yunifásítì ní ni, aṣọ funfun tí íńkì ti sọ di ojú ọ̀run tó ṣú. Ó dúdú lápò, ó búlúù lápá, ó sì pupa nísàlẹ̀ níbi tí ọkùnrin náà ti máa ń nu ìka.

"Màmá, ẹ bá mi fọ eléyìí. Kò ṣeé gbé síwájú àlejò báyìí."

Ìyá Ọṣẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Íńkì ẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá? Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni?"

"Gbogbo ẹ̀, mà. Kó mọ́ tónítóní. Ṣebí iṣẹ́ yín ni?"

Jẹ́jẹ́ ń gé okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti wá ìjà Màmá o." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ẹ rántí ẹ̀rín yìí.

Ìyá Ọṣẹ fọ ẹ̀wù náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó fi àkísà funfun sábẹ́ rẹ̀, ó fi sípíríìtì tẹ̀ ẹ́ lórí díẹ̀díẹ̀, kò ha á, kò gbo ó. Ó fi omi tútù ṣàn án, ó tún padà bẹ̀rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń ké, ó ní kó máa ké. Nígbà tó sá a sí ibòòji tó sì lọ̀ ọ́, ọ̀gá kọjá, ó gbé e sókè, ó tiẹ̀ gbóòórùn rẹ̀. "Ìyá Ọṣẹ, ẹ kú iṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an." Lójú àwọn àlejò, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló na ẹ̀wù náà síta, ó ní ẹ wo bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan níbí.

Àwọn àlejò lọ tán, ọ̀jọ̀gbọ́n kan dé. Obìnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ìwé ìléwọ́ àtijọ́ kan wà ní ilé ìkàwé tí kò sí orúkọ ilé ìtẹ̀wé lára wọn, ó sì ti ń wá ẹni tó tẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Bí íńkì ara wọn bá bá íńkì ara ẹ̀wù yẹn mu, a jẹ́ pé ọwọ́ òǹtẹ̀wé náà ni wọ́n ti jáde. Ó ṣí àpótí, ó ṣí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó rí aṣọ tó funfun bí ẹyin. Ó yẹ àpò wò, ó yẹ apá wò.

"Ta ló fọ̀ ọ́?" ló wá bi ọ̀gá àti àwọn tó wà nídìí tábìlì.

"Èmi ni, mà." Ìyá Ọṣẹ nawọ́ sókè, inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé wọ́n fẹ́ yin òun ni. Nígbà tó bá ń sọ ibi yìí, ó máa ń wo ọwọ́ tó nà sókè náà.

Ọ̀gá ló gba ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ má bínú, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo sọ fún Màmá pé búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nìkan. Ọjọ́ orí ni, ẹ ṣàánú wọn."

Ìyá Ọṣẹ rò pé ó gbàgbé. "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí n fọ̀ ọ́. Mo bi yín ní ti íńkì, ẹ ní gbogbo ẹ̀. Jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà wo okùn ọwọ́ rẹ̀. "Mi ò… mi ò gbọ́ dáadáa, mà."

N kò mọ ohun tí Ọlọ́run ń wò nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ọṣẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó bá ẹ̀ṣọ́ tó máa ń pè ní Ọ̀gágun. "Ọ̀gágun, àwọn ọ̀tá ti sá lọ ni?"

Ẹ̀ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣílẹ̀kùn. "Màmá, wọ́n ní kí n gba káàdì ọrùn yín."

"Ta ni wọ́n?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n, mà. Wọ́n ní kí ẹ lọ sinmi."

"Ṣé èmi sọ fún wọn pé ó rẹ̀ mí?"

Ẹ̀ṣọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba káàdì náà, ó tẹrí ba bí ẹni gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ojú ti í, ẹni tó yẹ kójú tì sì wà lábẹ́ ilẹ̀, ó ń mu tíì. Ẹni tí wọn kì í sanwó fún kò ní owó oṣù tí wọ́n lè gé, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni wọ́n gé.

Ibùdókọ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti sáré bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọ̀gá bá já mi ní máàkì, mo máa tún ọdún kà ni."

"Ṣé o gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ó káre. Jẹ́ kí n dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ yìí dúró, kó wá ṣẹlẹ́rìí."

"Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mò ń bínú sí ẹ, mò ń bínú dáadáa. Ẹni tó fi máàkì dí ẹ lẹ́nu ni mò ń bínú sí jù." Ọkọ̀ dé, ó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn.

Nílé, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sunkún, lẹ́yìn náà ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ mú sípánà, kò sì mọ ohun tó fẹ́ fi tú.

"Gbé e sílẹ̀," ni Ìyá Ọṣẹ wí. "Mi ò fẹ́ káàdì wọn. Ẹ̀wù yẹn ń dùn mí, iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mo fọ̀ dànù, mi ò sì lè dá a padà. Kí ọ̀gá ṣáà ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló ní kí n fọ̀ ọ́. Kí wọ́n má sọ pé orí mi ti dàrú."

Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ọ̀gá dìde ka ẹ̀kọ́ kíkà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Àwa yòókù ṣe àmín, èmi náà ṣe é, ó sì korò lẹ́nu mi. Nígbà ìfilọ̀ ló tún dìde: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń wá olùyọ̀ǹda tuntun, "àwọn tó ṣeé fọkàn tán." Mo gbọ́ tí àga kan dún lẹ́yìn wa. Mo mọ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀.

Èmi ni mo máa ń jókòó ti ọ̀gá ní ìlà iwájú. Ọmọ mi náà sì wà lára àwọn tó ń retí àyè ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn jáde lẹ́yìn ìsìn.

Ibẹ̀ náà ni Ìyá Ọṣẹ dúró sí, nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ife àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìsinmi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ mi," ló wí, "ìwọ àti ọkùnrin yẹn lẹ jọ ń jókòó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mi ò ní kó o bá mi jà. Mi ò ní kó o bá mi sunkún, mo ní ẹni tó ń ṣe ìyẹn nílé." Ó da ife kan dojú dé, ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó tó dìde lọ kàwé, nígbà tí Bíbélì ṣì wà lórí itan ẹ̀, bá mi bi í: ṣé ìwọ lo ní kí Màmá fọ̀ ọ́? Ìyẹn nìkan. Má rọra sọ ọ́ o, ẹ̀yìn yín gan-an ni mo máa jókòó sí, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ. Ṣé wàá bá mi bi í?"