Oyin fún Bọ́tìnnì

Bí bọ́tìnnì tó tẹ̀ bá ti dáhùn lójú kọ̀ǹpútà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á pàtẹ́wọ́, á jó yíká pálọ̀ wọn ní Ìbarà. Inú àkójọ bọ́tìnnì kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ló ti ń mú un. Àwọn tó ń ṣe ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lò ó, òun náà sì fi ṣe ti ìsọ̀ aṣọ màmá wa ní Pápálántó. Nígbà tí àwọn tó dá a sílẹ̀ pa á tì, tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí fóònù tuntun, mo ní ó ti kú.

"Ọkọ mi, kò kú o! Alágbàtọ́ ló ń wá."

Òun àti àwọn tí kò rí sójú rí, lókè òkun, bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n wọn ò lè lo orúkọ àtijọ́, torí kì í ṣe tiwọn. Ìyàwó wa ní kí kálukú mú orúkọ wá bíi mọ̀lẹ́bí. "Àjíǹde" ló wọlé, bí àwọn òyìnbó ò tiẹ̀ lè pè é!

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, màmá wa gbé oyin dé. Bọ́tìnnì dáhùn lórí fóònù wọn, ariwo ta. Màmá bu oyin sí ṣíbí, wọ́n yí fóònù síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ìyàwó, ẹnu ọmọ dà?"

Ó lanu gbàgà. "Ẹnu alágbàtọ́ rè é, Màmá!"