Abẹ́ Òrùlé Koríko

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀, ọ̀rọ̀ òrùlé koríko ni ẹnikẹ́ni kì í bi mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, Lake Arbor ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n sì máa ń dá mi dúró fún lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ilé dákẹ́, fídíò àwọn tó ń fi koríko bo ilé ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń wò. Ilé ìdáná ìyá bàbá mi ní Ọ̀yọ́ ló kó o ràn mí. Bẹẹrẹ, koríko ìbolé, ni wọ́n fi bò ó. Ní kékeré, mo máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, tí èéfín ti sọ di dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ìwé kan ló kọ́ mi pé ní àwọn ilé àtijọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí koríko bá gbó, orí ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń to tuntun lé. Ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí èéfín ti kùn nígbà tí ilé kò tíì ní ihò èéfín, ṣì wà níbẹ̀. Inú àjà nìkan lèèyàn ti lè rí i. Mo fẹ́ rí i. Mo sì fẹ́ kí ẹnì kan dúró tì mí, kí n lè nawọ́ sí i pé, "Wò ó."

Ọmọbìnrin mi ló yẹ kó jẹ́ ẹni yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ ló pè.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò wá fún mi."

"Fọ́tò kẹ̀?"

"Koríko ni, Mọ́mì. Kò ní sá lọ."

Èmi nìkan ni mo wọ bàálù.

Abúlé tí mo lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹwà ju fídíò lọ. Pòròpórò àlìkámà ló bo òrùlé yìí, koríko etí odò ló bo ìyẹn. Igi tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ bí irin ìdirun, ni wọ́n fi kàn wọ́n mọ́ ara wọn. Wọ́n fi àwọ̀n wáyà bò ó nítorí ẹyẹ. Lórí téńté ilé kan, ẹni tó bò ó ti fi koríko hun ẹyẹ kan bí àparò. Èmi ni mò ń sọ gbogbo èyí fún ara mi lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn kí mi, ó kọjá. Níbi tí mo ti jẹun ọ̀sán, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n sì padà sídìí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí ilé kúkúrú kan tí òrùlé rẹ̀ nípọn gan-an. Mo yà síbẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Níbi tí wọ́n bí mi sí, ilẹ̀kùn tó ṣí ti pe èèyàn wọlé. Mo gbàgbé pé mi ò sí níbẹ̀.

"Àgò onílé o!" Mo ti gbẹ́sẹ̀ kan wọlé.

"O ti pẹ́ jù," obìnrin arúgbó kan dáhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Tíì mi ti tutù."

Ó fi mí pe olùtọ́jú tí wọ́n máa ń rán sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Kí n tó ronú, mo ti fa àpótí kan sábẹ́ wọn, mo ti fi ìka tẹ kókósẹ̀ rẹ̀ wò.

"Èmi kọ́ ni wọ́n rán, mà. Àlejò ni mí, láti Amẹ́ríkà. Òrùlé yín ni mo wá wò."

"O ti Amẹ́ríkà wá nítorí koríko?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọkọ mi ìbá fẹ́ràn rẹ. Àkàbà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n tíì mi ná."

Mo po tíì. Mo gun àkàbà, mo tan iná fóònù mi.

Ó wà níbẹ̀. Ó dúdú, ó ń dán, bíi ti ìyá bàbá mi gẹ́lẹ́. Orí àlìkámà ṣì wà lẹ́nu pòròpórò mìíràn, ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi dì wọ́n kò tíì já. Mo yíjú láti sọ pé, "Wò ó." Kò sẹ́nì kankan.

"Kí lo rí?" Ohùn arúgbó náà ló ké láti ìsàlẹ̀. "Ọkọ mi kò jẹ́ kí n gùn ún rí. Mo darúgbó sábẹ́ ẹ̀, mi ò mọ bó ṣe rí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.

"Dúdú kẹ̀? Ìdọ̀tí ni?"

"Rárá o, mà. Èéfín oúnjẹ àwọn tó gbé ibí ṣáájú yín ni."

"Tún sọ ti àlìkámà yẹn."

Mo tún un sọ.

Nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ dé, ó wò mí bí olè. Mo sọ fún un pé kó kíyè sí ẹsẹ̀ màmá, mo sì dágbére.

Fọ́tò tí mo yà dúdú látòkè délẹ̀. Ọmọ mi fèsì: "Mọ́mì, kí ni mò ń wò?"

Lọ́jọ́ tí mo ń gbé báàgì mi padà sórí àjà ní Lake Arbor, mo dúró lórí àkàbà. Pákó funfun àti òwú tí wọ́n fi ń dènà òtútù ló wà níbẹ̀. Mo pe ọmọ mi láti ibẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí mo rí fún un, láti orí àlìkámà.

"Mọ́mì, ibo lẹ wà? Ohùn yín ń dún gbọ̀ngbọ̀n."

"Orí àkàbà."

"Ẹ̀yin nìkan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣubú. Màá pè yín padà."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo kọjú rẹ̀ sókè.