Ẹṣin Tí Ó Fẹ́ràn Oríkì Ju Ìjánu Lọ

Abo ẹṣin pupa kan wà nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún mélòó kan ni mo fi ń gùn ún lọ síwájú ọba wa ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Bí mo bá ti kì í, "Arẹwà Ojúde!", ibi tó bá wà ni yóò ti dúró, yóò ká ẹsẹ̀ iwájú sókè, yóò máa jó. Nígbà tí orúnkún mi kọṣẹ́, mo fi ìjánu lé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́. Ijó ò jẹ́ nǹkan kan lójú tirẹ̀. Kí ẹṣin fo igi ló wù ú.

A gbé igi kan lé orí táyà méjì ní pápá kan lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹṣin á yára, á dẹwọ́, á tún yára. Bó bá dé iwájú igi, á dúró gbọin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló da ọmọ mi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fárígá.

"Bó bá tún dà á ṣubú, òkè Ọya tí ẹ ti rà á náà ló ń padà sí!"

Oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní kí ọmọ mi gbàgbé igi ná, kó tún eré ẹṣin ṣe. Ẹ mọ̀ pé eré ẹṣin tó fẹ́ fò dà bí obìnrin mẹ́ta tó ń gúnyán nínú odó kan: gbì, gbì, gbì, wọ́n á mí díẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. A to ọparun sílẹ̀, ọmọ mi ń fi ẹṣin sáré kọjá lórí wọn, ó ń kà á sókè: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Kò pẹ́ tí eré náà fi gún. Síbẹ̀, bó bá dé iwájú igi, á tún dúró gbọin.

Ni ìyàwó mi bá tẹ̀ lé wa lọ lọ́jọ́ kan. Ó wò wá títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá wa, ta ló ń pariwo 'Arẹwà Ojúde' yẹn?"

"Èmi ni. Mò ń kì í kó lè láyà ni."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ń dá a dúró! Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé bó bá ti gbọ́ ọ, kó dúró jó? Ẹ panu mọ́."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin. "Dádì kẹ̀? Màámi, fífo igi rọrùn jùyẹn lọ o."

Mo ṣí fìlà mi, mo fi eyín dì í mú. Ọmọ mi yí pápá po lẹ́ẹ̀mejì. Ení, èjì, ẹ̀ta: pátákò ò yára, kò falẹ̀. Igi dé. Oríkì dé ọ̀fun mi, mo gbé e mì. Ẹṣin gbára sókè, ó fò ó bí ẹni fo gọ́tà.

"Arẹwà Ojúde!"

Ìyàwó mi ló pariwo. Ẹṣin dúró lódìkejì igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ọmọ mi dì mọ́ ọn lọ́rùn. A ò gbọ́ òkè Ọya lẹ́nu ìyá rẹ̀ mọ́.