Ọ̀bẹ Kíká Tí Ìyá Mi Yóò Fi La Kòkó

Ọdún tí apá òsì ìyá mi rọ, ọ̀bẹ ni mo ń rí lójú àlá. Kódà nígbà tí ojú mi là sílẹ̀, mo lè jókòó sídìí máṣìnnì ìránṣọ mi ní Arámọ̀kọ, kí n máa ran bùláòsì oníbàárà, kí ọkàn mi sì ti lọ sí oko ìyá mi ní Ìjurìn, sábẹ́ igi kòkó, níbi tí oòrùn ti ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ewé. Níbẹ̀ ni màá ti rí ọwọ́ ìyá mi, àti ọ̀bẹ kan nínú rẹ̀. Kí n tó mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ni mo wà, mo ti ran apá aṣọ mọ́ ibi ọrùn. Oníbàárà kan bi mí bóyá mo ti rí ọkọ tuntun ni, pé ojú mi ò sí níbí mọ́. Mo ní ọkọ kọ́, ọ̀bẹ ni. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó rọra jáde.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná o. Ọ̀bẹ tí a ń ká irin rẹ̀ sínú èèkù ni mò ń wí, èyí tí ìyá mi máa ń so mọ́ etí ìró rẹ̀ bí àwọn obìnrin mìíràn ṣe ń so owó. Kí n tó gbọ́njú ló ti ní in. Ó ti pọ́n ọn títí irin rẹ̀ fi tín-ín-rín, ó sì ń gé síbẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi kùmọ̀ tàbí àdá fọ́ kòkó, wọn a máa lù ú gbì, gbì. Ìyá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á fi ọ̀bẹ fa ìlà yí kòkó po ní ìdajì, á fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ, kòkó á là sí méjì láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kan hóró kankan. Ó ní hóró tí ọ̀bẹ bá ti kàn, èbu ló ń bù. Bí mo bá rántí ìgbà èwe mi, ìró kòkó tó ń là wẹ́rẹ́ báyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ni ìyá mi ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọwọ́ òsì kọ̀ tí kò gbé gèlè mọ́. A gbé e dé ilé ìwòsàn, a dúpẹ́. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu náà padà, ó tún ń bú wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Apá òsì nìkan ló kù tí ó ń rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bùrọ̀dá mi, ọmọ rẹ̀ àgbà tó ń gbé ní Adó, ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí a gbé oko fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Màámi wò ó láti òkè délẹ̀.

“Èmi kè é kúò n’ulé mi,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí mi ò bá ti lè la kòkó àkọ́kọ́ mọ́, ọjọ́ náà ni kí o wá gbé mi.”

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn. Nínú oko wa, ohun kan wà tí a bá lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fọ́ kòkó, ẹni tó ni oko ló gbọ́dọ̀ la àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá ṣe ọ̀wẹ̀ á mú hóró kọ̀ọ̀kan, wọn á fa omi dídùn ara rẹ̀ mu, iṣẹ́ á tó bẹ̀rẹ̀. Òkìtì kòkó ìbáà ga dé ọrùn, kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kàn án títí onítọ̀hún á fi là á. Ohun tí ìyá mi fi jẹ́ ẹ̀jẹ́ nìyẹn, níṣojú àwa méjèèjì.

Èmi ò fẹ́ kó lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Adó kò jìnnà, ilé bùrọ̀dá mi dára, omi ń yọ nínú ilé níbẹ̀. Àmọ́ ilé ìyá mi ní Ìjurìn ni ibi tí mo ń gun ọ̀kadà lọ nígbàkigbà tí ayé bá sú mi. Màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní bi mí ní ohunkóhun, á kàn ju ọsàn tó ti bó sí mi. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, níbo ni mo fẹ́ máa sá lọ? Ẹ̀rù ìyẹn bà mí ju àìsàn gan-an lọ.

Ìṣòro wa ni pé ọ̀bẹ àtijọ́ náà, ọwọ́ méjì ló ń ṣí i. Ọwọ́ kan á di èèkù mú, èékánná ọwọ́ kejì á fa irin jáde. Mo bá a lọ́jọ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé, ó fi eyín fa irin náà.

Mo pariwo. “Màámi! Ṣé ẹ fẹ́ gé ètè yín ni?”

“Ètè mi ni,” ló dáhùn, ó sì ń bó ọsàn rẹ̀ lọ, ó fi orúnkún há a.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀bẹ kiri nìyẹn. Téló ni mí. Ohun tó ń gé nǹkan, mo mọ̀ ọ́n. Síṣọ́ọ̀sì tí kò dáa, láti inú ìró rẹ̀ ni màá ti mọ̀. Mo ra ọ̀kan ní ọjà Ìpòtì, ó ń dán, ó ní tọ́ọ̀ṣì ní ìdí. Ẹni tó tà á búra pé ọ̀bẹ sójà ni. Mo tún lọ bá alágbẹ̀dẹ kan tó wá láti ilẹ̀ Ọ̀ṣun tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ wa, ó fi irin sípíríìnì lọ́rì rọ ọ̀kan fún mi, ó fi igi líle ṣe èèkù rẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé bùrọ̀dá mi náà mú ọ̀kan wá láti Adó, èyí tó wúwo, tó sì wọ́n. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí Màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni? Ó ní òun fẹ́, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọ̀bẹ ló borí ìyá òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan la to gbogbo wọn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òkè tó wà lápá Ẹ̀fọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ nínú kùrukùru. Gbogbo nǹkan rọ̀ lójú mi, àfi irin tó ń dán lórí ẹní. Ìyá mi ti ro bí òun yóò ṣe máa ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ kejì kò sí láti fi lọ́ kòkó, á fi orúnkún há a, á fa ìlà, á ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ inú ìlà náà, á sì fi ọ̀bẹ lọ́ ọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀bẹ kíká ti máa ń já èèyàn kulẹ̀, níbi tí irin ti so mọ́ èèkù. Gígé kì í ṣe wàhálà. Lílọ́ ni.

Mo kó ìbàdí jíìnsì tí mo ti tú jọ ní ṣọ́ọ̀bù wá, mo ká a ní ìlọ́po, gbogbo wọn ló gé e. A wá ki wọ́n sára ẹ̀ka kòkó gbígbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, a lọ́ wọn. Ọ̀bẹ Ìpòtì kọ́kọ́ dún kẹ̀rẹ̀, irin rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún, èèkù lọ sósì. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń tàn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ti alágbẹ̀dẹ kò mì rárá. Ẹ̀ka igi ló ya. Mo ń yangàn bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. Àmọ́ àtiṣí i jáde, ogun ni. Ìdí rẹ̀ le débi pé èékánná mi ṣẹ́, bùrọ̀dá mi ló bá mi fà á.

“Èyí á pẹ́ láyé ju ẹni tó ni ín lọ,” ni ìyá mi wí, ó sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ku ti bùrọ̀dá mi. Bọ́tìnnì irin kékeré kan wà lára rẹ̀ tí àtàǹpàkò ń tì. Ìyá mi tì í, irin jáde, ó dún kọ́, ó sì dúró gbọin, nítorí ohun kan wà nínú èèkù tó ń dè é. Ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó lọ́ ọ sára igi, kò yẹ̀. Mo bá a pa á dé, ó sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ wò. Ọ̀bẹ náà wúwo bí ọmọ ọlọ, ìró bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ nílẹ̀, ó sáré gbá a mú.

“Ṣé kí n máa rìn hòòhò n’ùlú ni o ṣe rà á?”

Lójú tèmi, ọ̀bẹ alágbẹ̀dẹ lágbára jù ú lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára tí kò ṣeé ṣí, kí ni òun fẹ́ fi ṣe? Mo bínú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe ń tì í ṣí, tí èmi ń bá a pa á dé, tó tún ń tì í ṣí, ìbínú mi sì rọ̀.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ pé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn aládùúgbò oko wá, wọ́n jókòó yí òkìtì kòkó ká lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kòkó náà pọ́n, ó pupa díẹ̀, oòrùn ń kán lé e lórí. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó fi orúnkún há kòkó kan. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Ó ti ọ̀bẹ ṣí, ó fa ìlà yí kòkó po díẹ̀díẹ̀, ó ń fi orúnkún yí i. Kòkó bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yí lọ. Bùrọ̀dá mi gbé e fún un padà. Ìyá mi ki ọ̀bẹ bọ ìlà, ó lọ́ ọ. Mo ń gbàdúrà sí Ọlọ́run nípa irin ọ̀bẹ, kí Ó má bínú sí mi. Kòkó là, wẹ́rẹ́. Kò sí hóró kan tó gé.

Ariwo ta. A fa hóró mu, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo wo ilé, mo wo oko, mo ní ó ti parí, Màámi kò lọ síbì kankan mọ́. Ìyá mi fẹ́ pa ọ̀bẹ dé, kò ṣeé ṣe. Ọwọ́ kan ló ń tú ohun tó dè é, ọwọ́ kejì ló ń ká irin. Bùrọ̀dá mi na ọwọ́, Màámi ní kí ó fi sílẹ̀. Ó gbé e lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì la kòkó pẹ̀lú wa títí òkìtì fi tán.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń palẹ̀ mọ́, ó pè mí. Ó na ọ̀bẹ sí mi.

“Bá mi pa á dé.”

Mo pa á dé. Ó yíjú sí bùrọ̀dá mi, ó ní, “Ọjọ́ wo lo fẹ́ wá mú mi?”

Bùrọ̀dá mi sún mọ́ ọn. Ó ní, “Màámi, ẹ là á o. Ẹ ti borí. Ẹ dúró n’ulé yín.”

“Mo là á, mo rí i. Ká ní mi ò là á ni, ẹ̀yin ni ì bá gbé mi lọ. Nísinsìnyí, èmi ni mò ń lọ. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi.”

Ẹkún gbọ̀n mí. Gbogbo ọ̀bẹ tí mo wá kiri, kó lè dúró ni mo ṣe wá a, kì í ṣe kó lè lọ pẹ̀lú orí gbígbé sókè. Mo fẹ́ bá a jà. Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀, ó kàn ń wo inú oko bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ọjọ́. Mo gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́ ọ̀tún, mo nu ojú mi, mo bi í pé aṣọ wo ló fẹ́ kí n kọ́kọ́ dì fún un.