Pèrègún Tí Mo Fà Tu ní Ìkòsí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti wọ ṣòkòtò kákí mi tán nílé wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní kí a lo ìsinmi ìgbà òjò lọ́dọ̀ àwọn sọ̀féyọ̀, kí a kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀. Ọ̀gá tí a bá lọ bá ni yóò fọwọ́ sí ìwé wa. Ẹni tí kò bá mú ìwé náà padà kò ní wọ ọdún kejì.

Sísì ni mo san fún bọ̀lẹ̀kájà. Dẹ́rẹ́bà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Akọ̀wé, kí lẹ fẹ́ fi táì ṣe lóko?”

“Ilẹ̀ la fẹ́ lọ wọ̀n.”

“Ṣé ilẹ̀ náà fẹ́ ránṣọ ni?”

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀ ní Kétu, mo sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ dé Ìkòsí, mò ń súfèé bí ọkọ ìyàwó.

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi ṣe ni pé ó gba gègé tuntun tí ẹ̀gbọ́n mi rà fún mi. “Òjò kì í bá tàdáwà ṣọ̀rẹ́,” ló wí, ó sì fún mi ní pẹ́ńsùlù. Mo fi í kọ gbogbo ohun tí mo rí lójú ìlà tí a ń wọ̀n: ọ̀pẹ, ilé ìkán, kùkùté. Àwọn lébìrà ń fi mí ṣẹ̀sín pé n óò ka kòkòrò pẹ̀lú.

Ilé Ìyá Rábì, opó kan tó ní oko níbẹ̀, la ti ń jẹun: ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Àgbòyí. Ẹja tọ́rọ́ níbẹ̀, ṣílè kan ni nílé wa!

Ní Ọjọ́bọ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dí wa lójú. Ilẹ̀ rọ̀, mo fà á tu, mo sọ ọ́ nù, mo sì ń yangàn. Lẹ́yìn náà òjò dé, omi gbá ojú ibẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sóko á ti mọ ohun tí mo ṣe. Nílé wa, ògiri ló ń pààlà. Mi ò mọ̀ pé pèrègún ni ògiri tiwọn.

“Ta ló fa ààlà wa tu?” Bàbá Lámídì, aládùúgbò Ìyá Rábì lóko, ló ké. Ó fi igi gúnlẹ̀. “Ibí ló wà!”

“Ẹ dákun, Bàbá Lámídì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀hún ni!” Ìyá Rábì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta wọnú ilẹ̀ bàbá.

Ọ̀gá mi yíjú sí mi. “Bí àwọn wọ̀nyí bá jà nítorí rẹ, mi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Ṣí àkọsílẹ̀ rẹ.”

Àkọsílẹ̀ mi ti rin gbindin. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù kò ṣí: igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún sí ìdí ọ̀pẹ. A na ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀. Ó bọ́ sí àárín ibi tí àwọn méjèèjì tọ́ka sí. Ìyá Rábì ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó wá a títí, ó sì fa gbòǹgbò kan tó já yọ.

“Ààlà wa rèé!”

Bàbá Lámídì bú sẹ́rìn-ín. “Sọ̀féyọ̀ kékeré, ó mọ igi í fà, ó sì mọ̀ ọ́n kọ!”

Èmi ni mo tún pèrègún náà gbìn. Ní Sátidé, ọ̀gá mi fi gègé mi fọwọ́ sí ìwé, ó sì dá a padà fún mi. Ìyá Rábì gé ẹ̀ka pèrègún kan fún mi.

“Kí lo mú bọ̀ láti oko?” ni ìyá mi béèrè nígbà tí mo wọlé.

“Ààlà ni, Màmá.”

Mo gbìn ín sẹ́yìnkùlé wa, ó wà níbẹ̀ títí dòní, ó ti ga ju òrùlé lọ. Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi gbé àdá, tó ní òun fẹ́ gé e, mo ní kó kọ́kọ́ lọ mú pẹ́ńsùlù wá.