Àmì Pupa Mẹ́tàlá

Ní ilé iṣẹ́ rédíò wa, kò sẹ́ni tó lè ka ìròyìn àfi kó gba ọwọ́ Màmá Ohùn kọjá. Orúkọ ìnagijẹ ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ka ìròyìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn náà ló sì ń dán gbogbo ẹni tó bá fẹ́ di akàròyìn wò. Èmi ni ẹlẹ́rọ wọn. Gíláàsì tó nípọn kan ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n bí inú bá ń bí Màmá, gíláàsì kan ò tó bẹ́ẹ̀ láti dá ohùn wọn dúró.

Ìdánwò náà kò yí padà láti ayébáyé. Ojú ewé kan ni, nípa òjò kan tó wó afárá. Olùdánwò á kọ́kọ́ kà á, ẹni tí wọ́n ń dán wò á wá kà á tẹ̀lé e, sórí téèpù kan náà. Lẹ́yìn náà ni olùdánwò á gbé bírò pupa, á fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá dún bó ṣe yẹ. Bí àmì bá lé ní mẹ́wàá, o ti fìdí rẹmi. Bó bá sì di ẹ̀ẹ̀mẹta, o ò gbọdọ̀ padà wá mọ́. Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé kí wọ́n má sọ fún un pé ojú ewé tàwọn mọ́ tónítóní lọ́jọ́ tí wọ́n dán àwọn wò, kò sí àmì kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè kà á lójú oorun.

Ọmọ awakọ̀ wa tó ṣaláìsí ló ń gba àlejò ní ẹnu ọ̀nà. Ohùn ọmọ náà dùn. Ó lè ka ìkìlọ̀ ara ògiri fún ọ, kó o sì dúró gbọ́ ọ tán. Àmọ́ ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ìró mẹ́ta kan náà ló sì gbé e ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí láti ẹ̀yìn gíláàsì mi. Ìró kan wà tí Màmá máa ń la ẹnu gbàgà pè. Àwọn ọ̀dọ́ ń pa ẹnu dé díẹ̀ kí wọ́n tó pè é. Bí ìyẹn ti sún sókè nínú ẹnu, ó já sí àyè ìró kejì, ìró kejì náà bá sún, ó sì ti ìkẹta síwájú. Bíi ká jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni: bí ẹnì kan bá fìdí ti èkejì, gbogbo ìlà ló máa sún, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ kankan ò sọnù níbẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ tó ń wá ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé.

Mo dá a lábàá fún Màmá lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, “Ẹlẹ́rọ, wáyà ni kó o dojú kọ. Ahọ́n wọn ló ya ọ̀lẹ.”

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọmọ awakọ̀ wá ṣe ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti lọ aṣọ rẹ̀ gán-ún. Màmá kà, ó kà tẹ̀lé wọn, bírò sì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kà á tán, àmì mọ́kànlá ni. Inú Màmá ò dùn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Wọ́n ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé àwọn á fún un lésì kílẹ̀ tó ṣú.

Lọ́sàn-án, mo ń da àwọn téèpù àtijọ́ kọ sórí ẹ̀rọ tuntun kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n kọ orúkọ Màmá sí, ti ọdún tí wọ́n dé. Ẹ̀rín pa mí. Mo sáré lọ pè wọ́n.

“Màmá, ẹ wá gbọ́ ohùn ọlọ́mọge!”

Tẹ̀ríntẹ̀rín ni wọ́n wọlé. Ohùn ọ̀gá wọn, Bàbá Olùdánwò, ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọbìnrin kan, tó ń bẹ̀rù. Kò tíì ka ìlà kejì tán tí ẹ̀rín Màmá fi tán.

“Èmi rèé?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Ẹnu Bàbá gbòòrò ju tiwọn lọ fíìfíì. Màmá ti sún kúrò níbi tí Bàbá jókòó sí, ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé téèpù àárọ̀ sórí ẹ̀rọ kejì. Bí Màmá ṣe jìnnà sí Bàbá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ awakọ̀ ṣe jìnnà sí Màmá.

Mi ò tíì pa téèpù àtijọ́ náà, ó ṣì ń lọ. Ilẹ̀kùn kan pa dé lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, Bàbá sì sọ̀rọ̀.

“Mẹ́tàlá.”

Ọkùnrin kan ní, “Ó ti fìdí rẹmi nìyẹn, Bàbá.”

“Bí ọmọ tèmi náà ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ni. Ta lẹ fẹ́ kó máa kàròyìn fún, àwọn òkú? Ẹ mú ìwé míì wá, èyí tó mọ́. Ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó mọ̀.”

Ó dùn mí pé mo pè wọ́n. Màmá jókòó sórí àga mi, wọn ò wo ojú mi.

“Ẹlẹ́rọ, èèyàn mélòó ni mo ti lé lọ?”

Mo mọ iye wọn, torí èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Mo ní, “Ẹ fún ọmọ yìí ní ìwé tó mọ́, bí Bàbá ṣe ṣe.”

“Rárá o. Ìwé tó mọ́ ló bà mí jẹ́.”

Wọ́n gbé ojú ewé àárọ̀, wọ́n kọ “Ó yege” sísàlẹ̀ àmì mọ́kànlá náà, wọ́n sì gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn. Ọmọ náà ka àwọn àmì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Mọ́kànlá ni, Màmá. Ó ti tán.”

“Ka ìsàlẹ̀. Mẹ́tàlá ni tèmi. Wọ́n fi pa mọ́ fún mi ni, mo wá ń fi gbéra ga sí ọmọ ọlọ́mọ. Má bínú sí mi.”

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ awakọ̀ ka ìròyìn aago mẹ́fà. Màmá ò ráyè gbọ́ ọ. Wọ́n wà nínú yàrá mi pẹ̀lú ìwé orúkọ náà, wọ́n ń fóònù àwọn tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n padà wá. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ò lọ mọ́. Ìkẹta lọ. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá dé òpin, ó sì ní láti ọjọ́ yẹn lòun ò ti ka nǹkan sókè lójú èèyàn mọ́, àní òun kì í kàwé fáwọn ọmọ òun. Ó gé fóònù. Màmá nu ojú wọn, wọ́n ní kí n pe nọ́ńbà tó kàn.