Ẹran Tó Mọ̀nà Ulé

Tí ọyẹ́ bá ti mú ní Ọ̀kà, ìlú wa, òórùn kíkan iṣu èlùbọ́ tí a sá sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa ló máa ń jí mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi máa ń jókòó sí, á máa yí iṣu padà, fóònù á wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń retí, àkọ́bí rẹ̀, tó ń gbé ní Fúlọ́rídà lókè òkun.

Ọdún tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló fi ẹran omi kan hàn wá lórí fóònù. Mánátì ni wọ́n ń pè é. Ó tóbi bíi màlúù, koríko ló sì ń jẹ. Tí òtútù bá dé, tìyá tọmọ wọn á fi òkun sílẹ̀, wọ́n á wọ inú odò tí omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Lọ́dọọdún, odò kan náà ni. Ìyá mi wò wọ́n títí.

“Ẹran yìí mọ̀nà ulé,” ló wí. “Ìwọ ńkọ́?”

“Màmi, tí wọ́n bá tún fi máa dé, èmi náà á ti wálé.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, mo sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi pé ìwé ìgbélùú òun kò pé, pé bí òun bá jáde, òun ò ní lè wọlé mọ́. Ó ní kí n má sọ fún Màmi. N kò sọ. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, bí mo bá ti Ìkàrẹ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà dé, ohun tí Màmi máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Àwọn ẹran ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé?” Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá a sọ. Mo ní kó sọ ọ́ lórí fóònù, ó kọ̀. Nílé tiwa, ọ̀rọ̀ tí òbí bá fẹ́ fi lé àkọ́bí lọ́wọ́, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́, ọwọ́ òbí á wà lórí ọmọ.

“Ṣebí ó ń bọ̀,” á wí. “Kí ni mo ń kánjú sí?”

Ní ọyẹ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Màmi lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. A kò tíì gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí fóònù mi fi dún. Omi ni mo kọ́kọ́ rí, ẹ̀yìn ẹran ràbàtà kan yọ níbẹ̀, ohùn ẹ̀gbọ́n mi sì ń dún tayọ̀tayọ̀: “Màmi, wọ́n ti dé o!”

Ọ̀rẹ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un. Mo kàn rántí pé ó ní kí n gbé fóònù sí Màmi létí, mo sì gbé e síbẹ̀.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi bo ọ̀rọ̀ ìwé yẹn, mo ń tan ara mi pé àánú ìyá mi ló ń ṣe mí. Irọ́ ni. Ẹkún rẹ̀ ni n kò fẹ́ rí. Ká ní mo sọ òtítọ́ fún un ni, ì bá sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ì bá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, kí ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Títí dòní, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bi mí ohun tí Màmi fẹ́ bá òun sọ. N kò mọ̀.